Ta Ni Ó Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Wí Pé "Àmúwá Ọlọ́hun Ni"?

  

Kò sí ilé Mùsùlùmí Yorùbá kan, yálà ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin, tàbí láàárín àwa tí a ti pẹ́ ní Òkè Ọya, tí wọn kì í ti í sọ gbólóhùn tí mo fi ṣe àkọlé yìí. Bí ọkọ̀ bá dànù, àmúwá Ọlọ́hun ni. Bí ilé tí a kò fi sìmẹ́ńtì tó ṣe bá wó pa ènìyàn, àmúwá Ọlọ́hun ni. Bí ọmọ tí kò ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bá fìdí rẹmi, kádàrá rẹ̀ ni. Gbólóhùn náà kò burú, nítorí pé gbígba kádàrá gbọ́, ti rere àti ti búburú, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó mẹ́fà tí ìgbàgbọ́ wa dúró lé. Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni ẹnu tí ó ń tì jáde, àti ohun tí ẹni tí ó ń sọ ọ́ fẹ́ fi ṣe.

Ọ̀rọ̀ kádàrá fúnra rẹ̀, inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá bá wa, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì súnmọ́ ìwọ̀n, ohun tí a díwọ̀n. Àyànmọ́ ni àwọn baba wa ń sọ kí ó tó dé. Àwọn méjèèjì ti wọnú ara wọn lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ ìyàtọ̀ wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ wà. Nínú ìtàn àtijọ́, ọ̀run ni ènìyàn ti kúnlẹ̀ yan orí tirẹ̀, ó sì gbàgbé ohun tí ó yàn nígbà tí ó dé ilé ayé. Ìyẹn ni pé yíyàn ti parí kí a tó bí i. Nínú ẹ̀sìn wa, Ọlọ́hun ni Ó mọ̀, Ó sì ti kọ ọ́ sínú wàláà tí a ń ṣọ́, ṣùgbọ́n ilé ayé níbí ni a ti ń yàn, lójoojúmọ́, ojú wa sì là sílẹ̀ nígbà tí a ń yàn. Mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń pe kádàrá lẹ́nu tí ó jẹ́ pé àkúnlẹ̀yàn ni ó wà lọ́kàn wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa bi wá ní ìbéèrè kan lẹ́yìn wáàsí: bí Ọlọ́hun bá ti mọ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ pé màá dẹ́ṣẹ̀ kan, ǹjẹ́ mo lè ṣàì dá a? Bí n kò bá sì lè ṣàì dá a, báwo ni ìyà rẹ̀ ṣe tọ́ sí mi? Àwọn àgbàlagbà kan a máa lé wọn dànù, wọ́n á ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń ba ìgbàgbọ́ jẹ́. Èmi kò fara mọ́ lílé wọn, nítorí pé àwọn sàhábà fúnra wọn bèèrè. Ó wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim, láti ẹnu Ali, pé níbi ìsìnkú kan ní itẹ́ òkú Baqī' ní Mẹ́dínà, Ànábì jókòó, ó ń fi ọ̀pá kékeré ọwọ́ rẹ̀ ha ilẹ̀. Ó wá sọ fún wọn pé kò sí ẹ̀mí kan tí a kò tíì kọ ibùgbé rẹ̀ sílẹ̀, yálà nínú ọgbà ìdẹ̀ra tàbí nínú iná. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá kí àwọn kúkú pa iṣẹ́ tì, kí àwọn gbára lé ohun tí a ti kọ. Èsì Ànábì ni pé kí wọ́n máa ṣiṣẹ́, nítorí pé olúkúlùkù ni a ó mú kí ohun tí a dá a fún rọrùn fún. Lẹ́yìn náà ni ó ka àwọn áyà kan nínú Súrà Al-Layl, nípa ẹni tí ó ń tọrẹ tí ó sì ń páyà Ọlọ́hun, àti nípa ẹni tí ó ṣahun tí ó rò pé òun ti tó tán. Ẹ kíyè sí bí àwọn áyà náà ṣe tò: ìwà ènìyàn ni ó ṣáájú, ìrọ̀rùn ọ̀nà ni ó tẹ̀lé e.

Kí ìran àwọn sàhábà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ni àríyànjiyàn ti dé. Ní ìlú Basra, ní ilẹ̀ Ìráàkì, Ma'bad al-Juhani àti àwọn tí ó tẹ̀lé e ń sọ pé kò sí kádàrá rárá, pé ṣe ni nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé Ọlọ́hun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin méjì láti ìlú náà wá fún iṣẹ́ ìjọsìn, wọ́n bá Abdullahi ọmọ Umar pàdé níbi tí ó ti ń wọ mọ́sálásí, ọ̀kan bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èkejì sí òsì, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú rẹ̀. Ó yọ ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Basra, ó sì sọ hàdíísì Jìbúrílù fún wọn bí baba rẹ̀ ti sọ ọ́. Hàdíísì náà ni Imam Muslim fi bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ní ìhà kejì, àwọn kan bíi Jahm ọmọ Safwan, tí wọ́n pa ní ọdún 746, sọ pé ènìyàn kò ní agbára yíyàn kankan, pé bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gbé ìyẹ́ adìyẹ kiri ni. Mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dùn mọ́ aláṣẹ tí ó bá ń jẹ ohun ìní ará ìlú nínú. Àwọn aṣíwájú onímímọ̀ wa kò gba ti ìhà méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ní ti ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, òṣùpá dí ojú oòrùn mọ́ wa lọ́sàn-án gangan. Ẹ ó rántí pé àwọn onímọ̀ ti kéde ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. A kírun kusūf ní mọ́sálásí àdúgbò wa. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó rò pé ìkéde àwọn onímọ̀ ni ó ti òṣùpá síwájú oòrùn. Wọ́n mọ̀ nítorí pé yóò ṣẹlẹ̀, kì í ṣe pé ó ṣẹlẹ̀ nítorí pé wọ́n mọ̀. Ohun tí àwọn onímímọ̀ ẹ̀sìn wa náà sọ nìyẹn, pé ìmọ̀ a máa tẹ̀lé ohun tí a mọ̀, kì í ti í.

Àpẹẹrẹ náà kò pé, mo gbà, nítorí pé òṣùpá kò ní ìfẹ́ inú tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbé òmíràn yẹ̀ wò. Mo mọ̀ dájú pé àwẹ̀ ni ẹ gbà ní àná, ìmọ̀ mi kò sì lè ṣàṣìṣe nítorí pé ojú mi ni ó ṣe. Ǹjẹ́ ìmọ̀ tí mo ní lónìí ni ó fipá mú yín gba àwẹ̀ àná? Rárá. Àwa ni àná àti ọ̀la yà sọ́tọ̀ fún. Ọlọ́hun ni Ó dá àkókò, àkókò kò sì ká A mọ́. Òfin ẹ̀sìn pàápàá jẹ́rìí sí i pé yíyàn wa kì í ṣe eré, nítorí pé a gbé gègé kúrò lórí ọmọdé títí yóò fi bàlágà, lórí ẹni tí ó sùn títí yóò fi jí, àti lórí wèrè títí orí rẹ̀ yóò fi pé. Bí ó bá jẹ́ pé ìyẹ́ adìyẹ ni gbogbo wa, kí ni ìyàtọ̀ ẹni tí ó sùn sí ẹni tí ó jí?

Ibi tí ó le jù ni pé kì í ṣe pé Ọlọ́hun mọ̀ nìkan, Òun náà ni Ó ń dá àwọn iṣẹ́ wa. Imam al-Ash'ari, tí ó kú ní ọdún 936, sọ pé Ọlọ́hun ni Ó ń dá iṣẹ́ náà, ènìyàn ni ó ń kó o jọ fún ara rẹ̀. Al-Maturidi ará Samarkand, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 944, fi àyè tí ó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ènìyàn. Mo ti ka díẹ̀ nínú àlàyé àwọn méjèèjì, n kò sì ní tan yín: òpin Súrà At-Takwīr ni ó fi ọkàn mi balẹ̀ jù. Áyà kan níbẹ̀ sọ pé ìrántí náà wà fún ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá fẹ́ dúró déédéé. Èyí tí ó tẹ̀lé e sọ pé ẹ kò ní fẹ́ àyàfi bí Ọlọ́hun bá fẹ́. A tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí di ohun ojú kòrókòró ní nǹkan bí ọdún 638 sí 639, ní àkókò Khalīfà Umar ọmọ Khattab. Ó ń lọ sí ilẹ̀ Shāmù, níbi tí Síríà, Jọ́dánì àti Palẹsítínì wà lónìí. Nígbà tí ó dé Sargh, àwọn ọ̀gágun rẹ̀ wá pàdé rẹ̀, Abu Ubaidah sì wà láàárín wọn. Wọ́n sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ ní Shāmù. Umar kò dá ìpinnu ṣe. Ó pe àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe hijrah, ẹnu wọn kò kò. Ó pe àwọn ará Mẹ́dínà, ẹnu tiwọn náà kò kò. Nígbà tí ó pe àwọn àgbà Kùráíṣì, kò sí méjì nínú wọn tí ó yàtọ̀: kí ó kó àwọn ènìyàn padà. Ó sì kéde pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òun yóò gun ẹran òun padà sílé. Abu Ubaidah bi í pé ṣé kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Ọ̀rọ̀ náà dun Umar, nítorí ẹni tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó wá bi í pé bí ó bá ní ràkúnmí, tí ó sì dà wọ́n dé àfonífojì tí ìhà kan rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí èkejì gbẹ, ṣé kì í ṣe nípa kádàrá Ọlọ́hun ni yóò fi jẹ̀ ní èyí tí ó bá yàn nínú méjèèjì?

Abdur-Rahman ọmọ Awf kò sí níbi ìjíròrò náà. Nígbà tí ó dé, ó ní òun ní ìmọ̀ lórí rẹ̀: òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé bí ẹ bá gbọ́ pé àrùn náà wà ní ìlú kan, kí ẹ má wọ ibẹ̀, bí ó bá sì bẹ́ sílẹ̀ níbi tí ẹ wà, kí ẹ má sá jáde. Umar dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ó sì padà. Abu Ubaidah padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ̀, àrùn náà ni ó sì pa á ní ọdún 639, òun àti Mu'adh ọmọ Jabal. Ọlọ́hun mọ̀ pé Umar yóò padà sílé, Ó sì mọ̀ pé Abu Ubaidah yóò kú. Àwọn méjèèjì kò mọ̀. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni ìròyìn, ìmọ̀ràn àti òfin, wọ́n sì lò ó. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n ti wà ní Saudi Arabia nìkan ni a gbà láyè láti ṣe Háàjì, àwọn kan láàárín wa ń sọ pé ẹni tí yóò kú yóò kú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti ka wàláà náà nínú wọn tí ó rí i pé orúkọ òun kò sí níbẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, bímọ ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú tí a ń gbé. Ọmọ bọ́ sílẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Agbẹ̀bí tí iṣẹ́ òru kàn kò wá sẹ́nu iṣẹ́, kò sì fi ẹnikẹ́ni dípò ara rẹ̀. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí. Wákàtí mẹ́rin ni ẹ̀jẹ̀ náà fi ń lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dágbére fáyé. Kí Ọlọ́hun fi ọgbà ìdẹ̀ra ṣe ibùgbé rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a ṣe àdúà ọjọ́ mẹ́jọ, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn náà wá bá wa kẹ́dùn. Ó jókòó, ó mi orí, ó ní àmúwá Ọlọ́hun ni. Ìyá wa tí ó jókòó lórí ẹní ní igun yàrá náà dáhùn pé, àmúwá Ọlọ́hun ni. Gbólóhùn kan náà ni, láti ẹnu ènìyàn méjì, láàárín ìṣẹ́jú kan. Láti ẹnu ìyá wa, ìgbàgbọ́ ni: ó ń sọ pé Ẹni tí ó fún òun ni Ó gbà á, òun kò sì ní bá A jà. Láti ẹnu ọkùnrin náà, ohun tí mo gbọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má bèèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Láti ìgbà náà ni ó ti hàn sí mi pé ẹni tí àdánù bá ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí gbólóhùn yìí. Ẹni tí àdánù ti ọwọ́ rẹ̀ wá kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mo rí i pé àwọn onímímọ̀ ti sọ irú rẹ̀ ṣáájú mi. Nínú hàdíísì kan, Ànábì Musa bá Ànábì Adam jiyàn pé òun ni ó mú wa jáde kúrò nínú ọgbà ìdẹ̀ra. Adam dá a lóhùn pé ṣé ohun tí Ọlọ́hun ti kọ mọ́ òun kí a tó dá òun ni ó ń bá òun wí fún? Adam sì borí rẹ̀. Ibn Taymiyyah, tí ó kú ní ọdún 1328, ṣàlàyé pé àdánù tí ó bá àwọn ọmọ Adam ni Musa ń sọ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí Adam ti ronú pìwà dà kúrò nínú rẹ̀. Ó ní kádàrá ni a fi ń gba àdánù mọ́ra, a kì í fi ṣe àwíjàre fún ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sì wo Súrà Al-A'rāf: nígbà tí Adam àti Hawau ṣẹ̀, wọ́n ní àwọn ni àwọn ṣe àbòsí sí ara àwọn. Nígbà tí Ìbílíìsì ṣẹ̀, ó ní Ọlọ́hun ni Ó ṣi òun lọ́nà.

Nígbà tí a ní a ó kọ ìwé ẹ̀sùn, àwọn kan nínú ẹbí bínú sí wa. Wọ́n ní a ń bá Ọlọ́hun du kádàrá. Mo bi wọ́n léèrè kí ni ìtumọ̀ Súrà An-Nisā', áyà 92, níbi tí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ san owó ẹ̀mí fún àwọn ará ilé òkú, àyàfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀, kí ó sì tún ṣe ètùtù. Èèṣì ni o! Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ Ó ní kí ẹni náà sanwó. Bí kádàrá bá ń pa ẹ̀bi rẹ́, orí ikú èèṣì ni ì bá ti kọ́kọ́ pa á rẹ́. Hàdíísì tún wà pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìwòsàn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n sí oníṣègùn, òun ni yóò gba ẹrù ohun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde.

Ìyá wa náà ní ìbéèrè tirẹ̀, òru ni ó máa ń bi mí. Ì bá ṣe pé a gbé e lọ sí ibòmíràn ńkọ́? Mo rán an létí hàdíísì tí ó wà nínú ìwé Muslim, pé kí a tẹra mọ́ ohun tí yóò ṣe wá láǹfààní, kí a wá ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́hun, kí a má káàárẹ̀. Bí nǹkan bá sì wá ṣẹlẹ̀ sí wa, kí a má máa sọ pé ì bá ṣe pé mo ti ṣe báyìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ń ṣílẹ̀kùn fún iṣẹ́ Shàítáànì. Ẹ wo bí ó ṣe tò ó: akitiyan ní iwájú, ìtẹríba ní ẹ̀yìn. Àwa ni a máa ń yí i padà, tí a ń tẹríba kí a tó sapá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo "ì bá ṣe pé" ni ó jẹ́ ti Shàítáànì. Ànábì fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nígbà Háàjì ìdágbére, pé ì bá ṣe pé òun ti mọ ohun tí òun wá mọ̀ nígbà náà, òun kì bá tí da ẹran ìrúbọ lọ́wọ́ wá. Imam Bukhari sì ya orí kan sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀ fún irú èyí tí ó tọ́ láti sọ. Èyí tí ń pa ìyá wa lẹ́kún lóru, èmi náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í sílẹ̀. Èyí tí a fi ń wádìí kí ọmọ ẹlòmíràn má baà kú bẹ́ẹ̀, n kò rí ohun tí ó lòdì sí ẹ̀sìn nínú rẹ̀. Ní ọdún 2023, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ọsibítù 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n ń tẹ́ ọ̀rá tí ó ní ìlà ìwọ̀n sábẹ́ obìnrin tí ó bá bímọ kí wọ́n lè tètè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà, bí ó bá sì pọ̀ jù, wọ́n á ṣe gbogbo ìtọ́jú tí ó yẹ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró. Ewu ìsun ẹ̀jẹ̀ líle dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn obìnrin tí ó yè nípa rẹ̀, kádàrá ni ìyè tiwọn náà.

Ọmọ tí àbúrò mi fi sílẹ̀ ti di ọ̀dọ́mọbìnrin báyìí, ó sì ti ń kéwú dáadáa. Láìpẹ́ yìí ni ó bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé Ọlọ́hun mọ̀ pé màmá mi máa kú ní òru ọjọ́ náà?" Mo ní Ó mọ̀. Ó ní ṣé agbẹ̀bí tí kò wá síbi iṣẹ́ náà mọ̀? Mo ní rárá, kò mọ̀. Ó ní kí ló wá dé tí kò fi wá? Ìbéèrè yẹn gan-an ni a kọ sínú ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ nígbà náà. A kò tíì rí èsì rẹ̀ gbà.